Ìkìlọ̀ Ara Kẹ́ẹ̀gì Fọ́málìn: Ta Ni A Kọ Ọ́ Fún?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ni ọ̀rọ̀ nípa ewì, ìtàn àròsọ, oríkì àti àṣà ìgbéyàwó. Kò burú. Èmi náà fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ní tèmi lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ òkú ni mo gbé wá, àní òkú tí a rẹ sínú oògùn kí ó má baà jẹrà. Kí ẹ tó ṣí ojú ìwé yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan ẹ̀ka tiwa.

Ní ọjọ́ kan, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni? N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ni ojú ti ń ta mí bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, tí ọ̀fun mi sì ń hó. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun ni ó ń tọ́jú àwọn òkú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń là, òun náà ni ó ń yí omi àwọn ìgò padà, àwọn ìgò tí wọ́n kó ọkàn, kíndìnrín àti ọmọ inú sí. Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́, ó ń da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá kan. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ìbomú aláṣọ kan, irú èyí tí gbogbo wa lò ní 2020, ni ó fi bo imú, àgbọ̀n ni ìyẹn sì wà nígbà tí ó ń bá wa sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó gbọ́ pé Yorùbá ni mò ń kọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ó dára bẹ́ẹ̀. Wá bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára kiní yìí ní Yorùbá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bù ú, kò sẹ́ni tó kà á fún mi rí."

Mo wo ara kẹ́ẹ̀gì náà. Ìkìlọ̀ kún ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ eèrà lọ. Èmi tí mo máa ń ṣe kìràkìtà nínú kíláàsì ìtumọ̀ èdè, tí mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ àti ti àwọn olóṣèlú rí, ahọ́n mi lọ́. Mo ní, "Wọ́n ní ó léwu, sà." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ni kò léwu? Mọ́tò tí mo wọ̀ wá síbí, ṣé òun kò léwu?" Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìtìjú bá mi lọ́jọ́ náà, òun ni ó sì jẹ́ kí n wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Fọmadiháìdì ni orúkọ atẹ́gùn tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Aleksandr Butlerov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó kọ́kọ́ bá a pàdé ní 1859; August Wilhelm von Hofmann, ọmọ Jámánì, ni ó sì fi irú ohun tí ó jẹ́ gan-an hàn ní bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà náà. Bí a bá pò ó mọ́ omi títí tí yóò fi tó nǹkan bí 37 sí 40 nínú 100, òun ni fọ́málìn. Wọ́n tún máa ń fi ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lì díẹ̀ sí i kí ó má baà dì sísàlẹ̀ ìgò. Èyí tí a fi ń tọ́jú ẹran ara nínú ìgò, wọ́n ti là á: fọ́málìn ìwọ̀n kan, omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó lè tọ́jú ẹran ara. Ní nǹkan bí 1893, oníṣègùn kan ní ìlú Frankfurt, Ferdinand Blum, ń dán an wò bóyá ó lè pa kòkòrò àrùn. Níbi tí ó ti ń fọwọ́ bọ̀ ọ́ ni ó ti ṣàkíyèsí pé awọ ìka òun alára ti gan, ó ti le bí ẹran tí a rẹ sínú ọtí líle. Ó wá rò ó pé ohun tí ó bá lè mú ìka alààyè gan báyìí yóò mú ẹran òkú dúró. Òótọ́ sì ni. Fọmadiháìdì a máa so àwọn purotéènì inú ẹran mọ́ ara wọn, bí ẹyin ṣe ń le nínú omi gbígbóná, kòkòrò tí ń mú nǹkan jẹrà kò sì ní rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́. Ara ìka ènìyàn tí ó wà láàyè ni a ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Ohun tí ó bá kàn ni ó ń so pọ̀. Bí ó bá kan ẹ̀dọ̀ inú ìgò, a ní iṣẹ́ dára. Bí ó bá kan ẹyinjú Bàbá ńkọ́?

Ohun tí ó ń ṣe fún alààyè kò fara sin fún àwọn onímọ̀. A máa ta ojú, a máa jó imú àti ọ̀fun, a máa mú awọ ọwọ́ gbẹ kí ó sì sán. Ó wà lára ohun tí ń dá ikọ́ fée sílẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn yóò kọ̀ ọ́ lójijì lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ti ń fọwọ́ kàn án, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti ta sí wọn lára báyìí, ara ọ̀hún á lé, á sì máa yún wọn. Èyí tó burú jù ni ti jẹjẹrẹ. Ní 2004, àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka fọmadiháìdì mọ́ àwọn ohun tí wọ́n dá lójú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, nítorí èyí tí ó ń mú ẹ̀yìn imú lókè ọ̀fun. Ní 2009 wọ́n fi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ "wọ́n ní, wọ́n pé" mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé bí a bá pín afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ti fọmadiháìdì nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.75 lọ fún ẹni tí yóò fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Nínú òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2019, 0.3 ni wọ́n fi í sí fún wákàtí mẹ́jọ. Mélòó ni ti yàrá tí Bàbá ń ṣiṣẹ́? Mo bi wọ́n. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀, fáànù kan ṣoṣo tí ó wà lára ògiri láti máa fa afẹ́fẹ́ síta sì ti dákẹ́. Ẹ sì rántí pé ẹni tó bá tẹrí ba sórí òkú láti là á ni ó ń gbà á símú jù. Ti orí tábìlì kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ojú fèrèsé.

"Ara wa ti mọ́ ọn." Gbólóhùn yìí ni mo gbọ́ jù lẹ́nu gbogbo wọn, àti òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá sọ ọ́. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ omijé kò jẹ́ kí òun ríran, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kejì òun kò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó mọ́ ara? Imú ni ó sú. Imú tí ó bá ti pẹ́ nínú òórùn kan a ṣíwọ́ láti máa ròyìn rẹ̀. Ẹni tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró kò ṣíwọ́ láti máa gbà á. Ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi yẹ kí á fi imú ṣe ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí rárá.

Wàrà náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bá oògùn líle ṣe, títí dé orí àwọn akunlé àti àwọn tí ń kun mọ́tò, ni ó gbà pé bí àwọn bá mu wàrà agolo kan nírọ̀lẹ́, ó ti fọ àyà àwọn nìyẹn. Bàbá máa ń ra tirẹ̀ pẹ̀lú owó ara rẹ̀. N kò bá a jiyàn lójúkojú, ṣùgbọ́n ikùn ni wàrà ń lọ. Ọ̀nà tí èémí ń gbà kọ́ ni wàrà ń gbà, bí ó bá sì ṣèèṣì gba ibẹ̀, ikọ́ ni yóò dá sílẹ̀. Ti ògógóró tí àwọn kan ń mu kí wọ́n tó wọlé tọ òkú, n kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn; ìbẹ̀rù òkú ni wọ́n ń fi pa, kì í ṣe fọ́málìn. Ìbomú aláṣọ àti ti bébà tí a kó pamọ́ láti ìgbà àrùn Kòrónà kò lè dá atẹ́gùn dúró pẹ̀lú. Itọ́ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ìbomú tí ó ní agolo ẹ̀dú lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ṣe nítorí fọmadiháìdì, ni ó lè dí i, agolo náà sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán.

Fọ́málìn nìkan kọ́ ni ó wà nínú omi tí wọ́n ń fà sínú iṣan òkú. Fínọ́ọ̀lì sábà máa ń wà níbẹ̀, èyí tí òórùn rẹ̀ jọ ti Izal tí à ń dà sí ilé ìyàgbẹ́. Fínọ́ọ̀lì burú ní ti pé ó máa ń kú ibi tí ó bá ti jóni. Ẹni tó bá dà sí lọ́wọ́ lè má mọ̀ ọ́n lára títí awọ yóò fi funfun. Ọtí líle tí wọ́n ń kó àwọn ìgò kan sí kò yàtọ̀ sí bẹntiróò bí iná bá wà nítòsí. Àwọn tí ń gé ẹran ara pélébé fún awò asọ-nǹkan-dińlá tún ní omi aláwọ̀ yẹ́lò kan tí wọ́n ń pè ní Bouin. Áásìdì píkíríìkì wà nínú rẹ̀, áásìdì yìí sì jẹ́ ohun tí ó lè bú gbàù bí ó bá gbẹ sí ọrùn ìgò tí ẹnì kan sì fi agbára lọ́ ọmọrí rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tí ń gbálẹ̀ yàrá bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé kò yẹ kí àwọn fọwọ́ kan ìgò tí ẹnu rẹ̀ ti dì?

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín nítorí ẹ kì í lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn, ẹ jẹ́ kí n mú un súnmọ́ ilé. Láyé àtijọ́ kì í pẹ́ kí á tó gbé òkú sin, àwọn Mùsùlùmí wa ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, òkú àgbà a dúró de kíkùn ilé, a dúró de ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a dúró de aṣọ ẹbí àti káàdì ìpè. Ó lè lo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn? Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì ni, pẹ̀lú fọ́málìn yìí kan náà, àwọn mìíràn nínú ilé kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kò ju méjì lọ. A ó náwó lórí kánópì, a ó náwó lórí olórin. N kò tíì rí ìdílé tó béèrè bóyá ẹni tó tọ́jú òkú wọn ní ìbọ̀wọ́.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè. Kí ló fà á tí èmi, ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, kò fi lè ka ìkìlọ̀ mẹ́fà fún àgbàlagbà kan tó ń sọ Yorùbá ju mi lọ? Mo jókòó tì í fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sì rí i pé iṣẹ́ náà ṣòro ju bí mo ti rò lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó ní kiní náà lè pani. Ohun tó sáré wá síni lọ́kàn ni "májèlé". Ṣùgbọ́n májèlé, bí Yorùbá ti ń gbọ́ ọ, ohun tí ọ̀tá ń fi sí oúnjẹ ni. Bàbá yóò ní òun kò jẹ ẹ́, òun kò sì mu ún, kí ló tún kù? "Oró" ni ó dára jù lójú tèmi. Àkéekèe ní oró, ejò ní oró, kò sì di dandan kí á gbé e mì kí ó tó ṣe ìpalára. Bí mo bá ní ó ní oró, ó yé Bàbá pé ó lè gba ara wọlé.

Ohun tó ń fẹ́ jáde lára fọ́málìn náà ńkọ́, tí a ń fà símú? Èéfín kọ́, nítorí kò sí iná níbẹ̀. Bí a bá pè é ní òórùn, ẹni tí kò bá gbóòórùn mọ́ yóò rò pé ó ti tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ní orúkọ tiwọn fún un. "Ata" ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da tuntun sí ọpọ́n, wọn a ní, "Ata rẹ̀ mú lónìí." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, n kò sì rò pé ìgbìmọ̀ kankan lè jókòó kí ó ṣẹ̀dá èyí tó dán mọ́rán jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni mo rí i pé òun gan-an ni ó ń tàn wọ́n jẹ. Ata a ta ènìyàn, a sì lọ. Ẹni tí ata ta lójú lówùúrọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ ojú rẹ̀ á ti mọ́, n kò sì tíì gbọ́ pé ata ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn padà wá bá ẹnì kan. Ẹni tó bá pe fọ́málìn ní ata yóò máa rò pé ohun tí òun ń jìyà rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré tí a ń pè ní "lè" náà dá mi lágara. Gẹ̀ẹ́sì ara kẹ́ẹ̀gì sọ pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀, olùkọ́ yóò fún wa ní máàkì. Ṣùgbọ́n ní etí Bàbá, "ó lè" kò ju "bóyá" lọ: òjò lè rọ̀ lónìí, ó sì lè má rọ̀. Ẹnì kan kì í tìtorí "ó lè" fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo yí i padà sí "ó ti fa jẹjẹrẹ fún àwọn kan tí ó pẹ́ nídìí rẹ̀." Òótọ́ ni èyí náà, kò sì lé ní àsọdùn, ṣùgbọ́n ó wọ etí. Nípa jẹjẹrẹ alára, a ní láti sọ ibi tí ó ń mú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmú obìnrin nìkan ni ó ń bá jà, àwọn mìíràn sì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni.

Mo tún bi Bàbá léèrè nípa àwọn àwòrán. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó gbé ìlànà wọn jáde ní 2003, kí gbogbo ayé lè máa lo àmì kan náà: àwòrán dúdú nínú igun mẹ́rin tí a fi pupa yí ká. Agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì yé e lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ya ọwọ́ tí omi ń kán sí, tí ó túmọ̀ sí pé ó ń jẹ awọ, Bàbá ní wọ́n ń sọ pé kí á fọwọ́ ni. Èyí tí wọ́n ya ènìyàn tí nǹkan bí ìràwọ̀ fọ́n sí láyà, tí ó jẹ́ àmì jẹjẹrẹ àti àìsàn inú ara, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹni tí Olúwa tan ìmọ́lẹ̀ sí láyà ni." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa àrokò. Owó ẹyọ méjì tí ó dojú kọ ara wọn ní ìtumọ̀ tirẹ̀, èyí tó kẹ̀yìn síra ní tirẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bá kọ́ ní àrokò, owó lásán ni yóò rí. Àrokò ni àwọn àwòrán wọ̀nyí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Bàbá, wọ́n gbàgbé láti kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní kí Bàbá lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn Bàbá, n kò sì ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní Yorùbá kò lágbára tó láti sọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ní 1984 ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bám̀gbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi: ti ìmọ̀ èdè, ti lítíréṣọ̀ àti ti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. A ti ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi bá ara wa sọ̀rọ̀ nípa ìró àti gbólóhùn. A kò tíì ní èyí tí a ó fi bá ẹni tó ń bu fọ́málìn sọ̀rọ̀, bí a bá sì fẹ́ ṣe é, mo bẹ̀ yín, kí á má lọ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan tí Bàbá yóò tún ní láti wá ọmọ yunifásítì láti túmọ̀ fún un. Gbólóhùn gígùn tó yéni sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Àtakò tí n kò rí ìdáhùn gidi sí ni ti Bàbá fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ bá a pẹ̀lú ohun tí mo kọ, ó ní, "Bí mo bá kà á tán, tí n kò sì ní ìbọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n máa lọ sílé?" Mo dákẹ́. Òótọ́ ni pé ìwé kì í dí imú. Àwọn aláṣẹ ní láti tún fáànù ṣe, kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn tí fọ́málìn kò lè tètè là kọjá àti awò tí ń bo ojú pátá, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ omi sẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí ó bá ta sí lójú. Kò sí ìtumọ̀ èdè tó lè rọ́pò èyí. Ohun tí mo lè sọ ni pé láti ọdún yìí wá, kò sí ìwé tí Bàbá fi béèrè fún ìbọ̀wọ́, nítorí kò mọ ohun tí ìbọ̀wọ́ ń dènà. "Ata" kò tó ohun tí ènìyàn ń kọ̀wé sí ọ̀gá lé lórí. Oró àti jẹjẹrẹ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ wa kò ju ọ̀kan lọ. Lọ́dọọdún, àwọn tó wà ní ọdún kẹrin máa ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí oríkì ìlú yìí àti orin ìlú tọ̀hún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń sùn sórí pẹpẹ. Kí ẹ̀ka wa gba ẹni tó bá wù láyè láti lọ jókòó ní ibi iṣẹ́ kan, ìbáà ṣe mọ́ṣúárì tàbí ilé aláró, kí ó kó ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń lò jọ, kí ó sì bá àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì kọ ìkìlọ̀ ibẹ̀ ní Yorùbá. Kí olùkọ́ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbàṣẹ́ bá kà á tí kò yé e.

Ohun tí mo kọ fún Bàbá nìyí, lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ mi àti olùkọ́ rẹ̀ kan ti yẹ̀ ẹ́ wò:

"Oró wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí. Ohun tí ń ta yín lójú yẹn, oró ni, kì í ṣe ata lásán. Bí ẹ kò bá gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti fa jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú àti ti ẹ̀jẹ̀ fún àwọn kan tí ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ fi awò bo ojú. Bí ó bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi tó ń ṣàn ṣan án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí ẹ tó sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá dà sílẹ̀ púpọ̀, ẹ jáde, ẹ pe ọ̀gá. Ẹ má ṣe jẹun níbi tí ó wà. Wàrà kò lè fọ̀ ọ́ kúrò ní àyà."

Bí mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ kọ́ ni ẹ rí i yìí. "O" ni mo lò níbi gbogbo: "Ṣí fèrèsé, wọ ìbọ̀wọ́, má jẹun." Bàbá gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Ta ni ó ń bá wí?" Mo dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, mo sì yí gbogbo rẹ̀ sí "ẹ". Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á sókè fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Nígbà tó dé ibi ti wàrà, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n lọ tún un kọ, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi sí i, nítorí nígbà tí omi bá ti ń dà lójú òun, òun kì í rí èyí tó kéré.